Ẹ Ṣí Búùtù Yín Ká Wò Ó

Mo mọ̀ pé inú mọ́tò ni púpọ̀ nínú yín wà báyìí, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí ọwọ́ kan wà lórí sítíárìn, tí ọwọ́ kejì ń tú ẹ̀gbẹ́ ìjókòó wá ṣájà fóònù. Ẹ rọra o. Ẹ fi ṣájà náà sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ irú nǹkan tó sọnù sínú mọ́tò bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo bá wá.

Ìta mọ́tò kọ́ ni mo fẹ́ sọ, ẹ́ńjìnnì kọ́ sì ni. Inú mọ́tò ni: ibi tí à ń jókòó sí, ibi tí à ń nasẹ̀ sí, àti búùtù tí à ń kó ẹrù sí. Àwọn kan gbà pé fáàrí lásán ni kí inú mọ́tò mọ́ tónítóní, pé iṣẹ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ ni. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n máa ń ra gbogbo ohun tí wọ́n bá rí lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri nínú gosiló, tọ́ọ̀ṣì, kébù, ẹ̀rọ tí ń fẹ́ táyà, tí wọ́n á kàn máa jù wọ́n sẹ́yìn. Lójú tèmi, iṣẹ́ kan náà ni ìtọ́jú inú mọ́tò àti kíkó ohun tó wúlò sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín Èkó àti Ìbàdàn ló ní jáàkì, tó ní ẹ̀rọ ìpaná, tó ní ẹ́sítírà táyà. Ibi tí wọ́n wà ni ẹjọ́. Abẹ́ àpò, abẹ́ kúlà, abẹ́ bàtà ni wọ́n wà. Ohun tí ọwọ́ ẹni kò lè tó lóru, nínú òjò, láàárín ìṣẹ́jú kan, kò yàtọ̀ sí èyí tí a gbàgbé sílé.

Ẹ jẹ́ ká ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣí búùtù mọ́tò ìdílé kan ní alẹ́ Sátidé, lẹ́yìn òde. Ẹ ó bá kúlà ìrẹsì níbẹ̀, báàgì súfúníà mẹ́ta mẹ́rin, ike àti abọ́ tí wọ́n tẹ àwòrán olóògbé sí lára, gèlè tó ti tú, bàtà gogoro, kíréètì mínírà tó ṣófo. Àpò síméńtì tó kù díẹ̀ wà níbẹ̀ láti oṣù tó kọjá, pẹ̀lú ẹrù kan tí wọ́n ní ká bá wọn fi jíṣẹ́ ní Agége, iṣẹ́ tí a kò tíì jẹ́ dòní. Kò sí èyí tó burú nínú wọn. Àmọ́ tí táyà bá bẹ́ láàárín Mowé sí Ògèrè ní aago mẹ́jọ alẹ́, gbogbo ẹrù yẹn ni ẹ ó kọ́kọ́ tò sórí koríko kí ọwọ́ yín tó kan jáàkì. Ẹ̀yin náà ti kọjá lára irú wọn rí: bàbá ti bọ́ agbádá, ìyá ń fi fóònù tànmọ́lẹ̀, kúlà àti ike tò lọ rẹrẹ létí títì bí ẹni pé ibẹ̀ ni ìnáwó náà ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Tírélà ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, fìì, fìì. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Òfin tí mo fi lélẹ̀ nílé tèmi le díẹ̀, àwọn ọmọ sì máa ń kùn sí i: ẹrù tó bá bá mọ́tò wọlé kò gbọdọ̀ sùn nínú rẹ̀. Bó ti wù kó rẹni tó, ẹrù á sọ̀kalẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Tí ẹrù bá ti jáde, ẹ ó rí ilẹ̀ búùtù. Ẹ gbé páálí abẹ́ rẹ̀ sókè, nítorí ibẹ̀ ni ẹ́sítírà táyà máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré. Ìgbà wo lẹ fẹ́ ẹ gbẹ̀yìn? Fọgánáísà a máa wo mẹ́rin tó wà nílẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n kó béèrè ìkarùn-ún, àwa náà kì í sì í rán an létí. Bẹ́ẹ̀ táyà tó wà nínú búùtù láìṣiṣẹ́, afẹ́fẹ́ ń jò kúrò nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tó bá jẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, èyí tó kéré sí àwọn yòókù, tí ọ̀pọ̀ tọ́kunbọ̀ láti Amẹ́ríkà máa ń gbé wá, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Afẹ́fẹ́ tó ń gbà sábà máa ń jẹ́ 60 PSI, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tí táyà gidi ń gbà, kò sì gbọdọ̀ sáré ju kìlómítà 80 lọ ní wákàtí kan. Wọ́n ṣe é kó lè gbé yín dé ọ̀dọ̀ fọgánáísà ni. Wọn kò ṣe é fún ìrìnàjò Iléṣà.

Nọ́ńbà mẹ́rin kan tún wà lára gbogbo táyà. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún tí wọ́n ṣe é. Tí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni. Ọdún 4 ni Road Safety, àjọ ààbò ojú títì, ń kìlọ̀ pé kí táyà má kọjá. Ẹ́sítírà wà lábẹ́ ìkìlọ̀ yìí pẹ̀lú. Rọ́bà ń gbó nínú búùtù bó ṣe ń gbó lójú títì.

Jáàkì ńkọ́? Ẹ má dúró dé ojú títì kí ẹ tó mọ̀ bóyá ó bá mọ́tò yín mu. Mọ́tò tọ́kunbọ̀ ti kọjá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kó tó kan yín, láti òkè òkun dé èbúté Àpápá, jáàkì tí ẹ sì bá nínú rẹ̀ lè jẹ́ ti mọ́tò mìíràn pátápátá. Lọ́jọ́ tí ọwọ́ bá dilẹ̀, ẹ gbé mọ́tò sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fa hándíbùréèkì, kí ẹ gbìyànjú láti tú nọ́ọ̀tì kan. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ pé ẹ̀rọ ni fọgánáísà fi dì í níjọ́sí, pé agbára ọwọ́ nìkan kò tú u. Páìpù irin gígùn kan tó lè wọ ìdí sípánà á yanjú ìyẹn. Àwọn mọ́tò kan tún wà tí nọ́ọ̀tì kan lára táyà kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ sí ìyókù nítorí olè. Kò ní tú láìsí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Tí kọ́kọ́rọ́ kékeré yẹn bá wà nílé, mọ́tò dúró síbẹ̀ nìyẹn. Kí ẹ sì fi pátákó pẹlẹbẹ kan kún un. Ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ títì wa máa ń rọ̀ lásìkò òjò, jáàkì á máa rì bí ẹ bá ṣe ń yí i.

C-caution ló kàn. Àṣà wa ni kí a ṣẹ́ ewé sójú títì tí mọ́tò bá kọṣẹ́. Lọ́sàn-án, kò burú. Lóru, ewé kì í dán nínú iná mọ́tò. Ẹni tó ń sáré kìlómítà 100 ní wákàtí kan, èyí tí òfin gbà fún mọ́tò kékeré lójú ọ̀nà márosẹ̀, mítà 28 ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ń lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Kó tó rí ewé yín, ó ti dé orí rẹ̀. C-caution, ìyẹn onígun mẹ́ta pupa, máa ń tàn yòò nígbà tí iná bá kàn án. Ẹ gbé e jìnnà. Kì í ṣe ìdí mọ́tò gan-an. Lójú ọ̀nà márosẹ̀, ẹ ka ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ gba orí koríko lọ, kí ẹ gba orí koríko bọ̀. Tó bá jẹ́ pé mọ́tò kú sí ẹ̀yìn kọ́ọ̀nà, kí C-caution wà níbi tí àwọn tó ń bọ̀ á ti rí i kí wọ́n tó dé kọ́ọ̀nà náà. Ewé lè wá jẹ́ àfikún. Tí ẹ bá sì tún un ṣe tán tí ẹ ń lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó ewé yẹn kúrò lójú títì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kó o.

Ẹ̀rọ ìpaná ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí díẹ̀. Inú búùtù ni ọ̀pọ̀ ń gbé e sí, ó sì máa ń yà mí lẹ́nu. Tí wọ́n bá fi mọ́tò gbá yín lẹ́yìn, ilẹ̀kùn búùtù lè há, kó má ṣí mọ́. Ìdí ìjókòó iwájú ni àyè rẹ̀, kí ẹ fi irin ìdè rẹ̀ dè é mọ́lẹ̀ kó má baà máa yí kiri. Ẹ wo aago kékeré tó wà lórí rẹ̀: ojú àwọ̀ ewé ni kí abẹ́rẹ́ wà. Tó bá ti bọ́ sí ojú pupa, agolo lásán lẹ ń gbé kiri láti fi han Road Safety. Ìyẹ̀fun ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, gbígbọ̀n tí mọ́tò ń gbọ̀n lórí kòtò ojú títì wa sì lè mú kí ìyẹ̀fun náà dì nísàlẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ dorí rẹ̀ kodò, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a nídìí, títí ẹ ó fi mọ̀ pé nǹkan inú rẹ̀ ń yí.

Èyí tó jẹ́ kìlógíráàmù 1, nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 10 ló fi máa tán. Ẹ ò ní ráyè ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára lọ́jọ́ náà, nítorí náà ẹ gbọ́ ọ báyìí. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Kí gbogbo ènìyàn bọ́ sílẹ̀, kí wọ́n jìnnà. Ẹ fa pínnì yọ, ẹ dúró síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ láti ẹ̀yìn yín, ẹ fọ́n ọn sí ìdí iná. Ẹ má wo ahọ́n rẹ̀ tó ń fò lókè. Tí èéfín bá ń rú jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ má ṣí i gbàgà, nítorí afẹ́fẹ́ tó bá ya wọ ibẹ̀ ló máa fún iná lágbára. Ẹ tú u díẹ̀, kí ẹ fọ́n ìyẹ̀fun gba àlàfo náà. Ẹ má da omi sí iná epo. Epo á léfòó lórí omi, iná á sì bá a ṣàn lọ. Tí ẹ̀rọ bá tán tí iná kò kú, ẹ fi í sílẹ̀ kí ẹ sá. Mọ́tò ṣeé rà.

Nígbà tí Road Safety bá dá wa dúró tí wọ́n ní ká gbé ẹ̀rọ ìpaná àti C-caution wá, a máa ń rò pé ẹ̀sùn lásán ni wọ́n ń wá. Ẹ jẹ́ kí n rán àwọn ọ̀dọ́ létí nǹkan kan. Ní àwọn ọdún 1970, ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ń gba ẹ̀mí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ìyẹn sì wà lára ohun tó mú Wọlé Ṣóyínká kó sínú iṣẹ́ ààbò ojú títì ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá àjọ Road Safety sílẹ̀ ní 1988, òun ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́. Òkú tí wọ́n ti kà ló bí ìbéèrè tí wọ́n ń bi yín yẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá síwájú.

Kò sí ohun tí mo kórìíra nínú mọ́tò tó ike omi tó ń yí lábẹ́ ìjókòó awakọ̀. Ẹ mu omi tán, ẹ jù ú sílẹ̀, ẹ gbàgbé. Lọ́jọ́ tí mọ́tò bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí ọlọ́kadà sì já gba iwájú yín, ike yẹn á yí wá síwájú, á wọ abẹ́ búréèkì. Ẹ ó tẹ̀ ẹ́, kò ní wọlé. Bàtà tí obìnrin bọ́ kó lè wakọ̀ dáadáa, òun náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dára kí a bọ́ bàtà gogoro tí a bá fẹ́ wakọ̀, kí a wọ sálúbàtà pẹlẹbẹ tó di ẹsẹ̀ mú. Àmọ́ ẹ̀yìn ni kí èyí tí a bọ́ lọ.

Ẹ wo kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ awakọ̀ náà. Àwọn kan máa ń tẹ́ méjì léra, ti rọ́bà lórí ti àtijọ́, kí ẹrẹ̀ má baà ba ti ìsàlẹ̀ jẹ́. Ní ọdún 2009, ilé-iṣẹ́ Toyota pe mọ́tò tó lé ní mílíọ̀nù 3 padà ní Amẹ́ríkà nítorí pé kápẹ́ẹ̀tì lè yọ́ síwájú, kó há pẹ́dà tí a fi ń fún mọ́tò níná mọ́lẹ̀. Camry tí àwa ń pè ní Muscle wà lára wọn, a sì mọ iye rẹ̀ tó wà nígboro wa. Ẹyọ kan ṣoṣo ni kí ẹ tẹ́, kó jẹ́ ìwọ̀n mọ́tò náà, kí ìkọ́ tó wà nílẹ̀ di í mú. Ẹni tó bá ń bá yín fọ mọ́tò kì í sábà dá a padà sí ìkọ́. Ẹ wò ó kí ẹ tó gbéra.

Ẹ bojú wẹ̀yìn, sórí pẹpẹ tó wà lábẹ́ gíláàsì ẹ̀yìn. Agbòòrùn, páálí tíṣù, ìrọ̀rí, ìwé orin, Bíbélì tàbí Kùránì. Mo mọ ohun tó gbé ìwé mímọ́ débẹ̀, n ò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n tí mọ́tò tó ń sáré bá dúró lójijì, ohun tí a kò so mọ́ nǹkan kan kò ní bá a dúró. Ìwọ̀n eré tí mọ́tò ń sá ni òun náà á máa bá lọ, ìpàkọ́ ẹni tó wà níwájú ló sì máa gbà á. Pígíọ̀n hóòlù gba Bíbélì, ó gba Kùránì. Àpò ẹ̀yìn ìjókòó gba agbòòrùn. Ohun tó bá wúwo, bíi jáàkì tàbí gálọ́ọ̀nù omi, ilẹ̀ búùtù ni kó wà, kí a fi nǹkan há a mọ́gun.

Ooru tún ni ọ̀rọ̀ kan. Tí ìwọ̀n ooru ìta bá tó 35 ní Celsius, bó ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa ní oṣù kejì àti ìkẹta, inú mọ́tò tí a tì pa síta oòrùn lè kọjá 50 láàárín wákàtí kan. Ẹ wá ronú sí ohun tí ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Agolo oògùn ẹ̀fọn àti lọ́fínńdà onífínfín, wọ́n kọ ọ́ sí wọn lára pé kí ooru wọn má kọjá 50. Wọ́n lè bẹ́. Láítà náà lè bẹ́. Páwà báńkì kò fẹ́ràn ooru rárá. Ọ̀pọ̀ oògùn ni wọ́n kọ sí lára pé kí a má tọ́jú wọn síbi tí ooru rẹ̀ ju 30 lọ, nítorí náà oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru màmá tó wà nínú pígíọ̀n hóòlù láti ọjọ́ tó pẹ́, ẹ mú un kúrò níbẹ̀. Inú báàgì ọwọ́ ni kí oògùn máa bá ènìyàn rìn.

Ọmọ kì í ṣe ẹrù. Ara ọmọdé máa ń yára gbóná ní ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún ju ti àgbà lọ nínú mọ́tò tí a tì. Ẹ má sọ pé “mo kàn fẹ́ ra búrẹ́dì ni.” Ẹ gbé e dání.

Mo tún ti rí àṣà kan lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ràn ìmúrasílẹ̀, ó sì léwu púpọ̀. Wọ́n á ra kúláàǹtì tàbí òróró búréèkì, wọ́n á rọ èyí tó ṣẹ́kù sínú ike mínírà, wọ́n á sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi mímu. Kúláàǹtì ní àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tó wu ojú, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì dùn lẹ́nu. Májèlé ni. Ọmọ tó ń gbẹ lọ́fun ò ní béèrè. Ohun tó bá jẹ́ ti mọ́tò, inú ike rẹ̀ gan-an ni kó máa wà, pẹ̀lú ìdérí rẹ̀, nínú búùtù. Kí omi rédíétọ̀ àti omi mímu má jọ wà pọ̀. Bí mo ti dárúkọ rédíétọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí ìdérí rẹ̀ nígbà tó bá ṣì ń gbóná. Ẹni tí omi rẹ̀ ti bẹ́ sí lójú rí kì í ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Epo bẹntiróò nínú kẹ́ẹ̀gì ńkọ́, nítorí ọ̀wọ́n epo? Rárá. Òórùn rẹ̀ nìkan nínú mọ́tò tí a tì pa ti tó láti gbiná.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ òórùn náà wàyí. Mọ́tò tó ń rùn, lọ́fínńdà ni a máa ń rà sí i, èyí tí wọ́n ń so kọ́ dígí. Àwọn àgbà ní kò sí bí a ṣe lè se ebòlò kó má rùn ìgbẹ́. Ẹ wá ìdí òórùn yẹn. Bí kò bá jẹ́ ọbẹ̀ tó dà nínú kúlà, omi ni. Lásìkò òjò, a máa ń gbé bàtà tútù wọlé, omi á rin kápẹ́ẹ̀tì títí dé fóòmù ìsàlẹ̀, ìyẹn á sì bu. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ sí oòrùn, ẹ ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún wákàtí díẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ nìkan ló ń tutù, tí òjò kò sì rọ̀, ó ṣeé ṣe kí ihò tí omi ẹ́síì ń gbà jáde sílẹ̀ ti dí. Iṣẹ́ kékeré ni fún ẹni tó ń tún ẹ́síì ṣe. Ẹ má jẹ́ kó sọ fún yín pé gbogbo ẹ́síì ló ti bàjẹ́.

Oúnjẹ náà ní wàhálà tirẹ̀. Ẹ̀pà, bòlì, gúgúrú, pọfupọ́ọ̀fù, ìrìn wa ò lè ṣe kó má sí wọn, n ò sì ní í sọ pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ. Ṣùgbọ́n èérún tó bá bọ́ sí abẹ́ ìjókòó, èèrà máa wá a wá, aáyán máa tẹ̀ lé e, èkúté á sì dé. Èkúté kì í jẹ èérún nìkan kó lọ. Wáyà ló ń gé. Rìwáyà tó bá máa wá ibi tó ti gé e lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù á gba owó lọ́wọ́ yín dáadáa, iṣẹ́ rẹ̀ sì nira lóòótọ́.

Ìwé mọ́tò, pátíkúlà, kò pọ̀ lọ́rọ̀. Ẹ wá fáìlì kan tí omi kò lè wọ̀, kí ẹ kó wọn sí i. Láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ ọlọ́dún 3 wà, ọlọ́dún 5 wà. Ìnṣọ́ránsì àti ìwé mọ́tò yòókù sì ní ọjọ́ tiwọn. Ẹ kọ ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa parí sí iwájú fáìlì, kó má jẹ́ ọlọ́pàá ni yóò sọ fún yín. Ìwé tó fi hàn pé ẹ̀yin lẹ ni mọ́tò, ilé ni kí ògidì rẹ̀ wà, kí ẹ gbé ẹ̀dà rẹ̀ dání. Ìdí rẹ̀ ni pé olè tó bá gbé mọ́tò, ẹ kò ní fẹ́ kó rí ìwé rẹ̀ lò.

Yàtọ̀ sí èyí, báàgì kékeré kan ṣoṣo ni mo ní kí ẹ wá, èyí tó ní síìpù, kó máa wà lẹ́yìn ìjókòó níbi tí ọwọ́ lè tó. Tọ́ọ̀ṣì ni kó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, gidi, kì í ṣe ti fóònù, nítorí fóònù lẹ ó fi pe ènìyàn. Èyí tí a lè dè mọ́ orí dára jù, ọwọ́ méjèèjì á ráyè ṣiṣẹ́. Báńdéèjì, owú, pílásítà, sísọ́ọ̀sì, oògùn ojú egbò, àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí ẹ lè ran ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láìfọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Tíṣù, ọṣẹ díẹ̀, náílọ́ọ̀nù fún pàǹtí àti fún ọmọ tó máa ń bì nínú mọ́tò. Aṣọ ògbólógbòó kan tí a lè tẹ́ dùbúlẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò. Owó kékeré, owó bébà o, nítorí ọjọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, fọgánáísà ò ní gba tíránsífà. Omi mímu wà lọ́tọ̀, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ déédéé, kí ó má sùn nínú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Ẹ̀yin awakọ̀ èrò, ẹ má rò pé mo gbàgbé yín. Dánfó àti kòròpé tí ẹ́sítírà táyà ń jókòó sáàárín ẹsẹ̀ èrò, tí jáàkì sì wà níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ń fẹsẹ̀ kọ, ẹ dè wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin èrò náà ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ kí ẹ tó wọlé.

Ẹnì kan lè ní òun ò ráyè gbogbo èyí. Mo gbọ́. Ilé epo ni mo máa ń ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lò. Ìgbàkúùgbà tí ẹ bá lọ ra epo, kí náílọ́ọ̀nù pàǹtí bá yín bọ́ sílẹ̀, apẹ̀rẹ̀ ìdalẹ̀nù wà níbẹ̀. Pàǹtí a jáde, epo a wọlé. Ó sàn gidigidi ju kí a máa ju ọ̀rá píọ́ wọ́tà gba ojú fèrèsé, tí gọ́tà á dí, tí omi òjò á sì wá gba ojú títì tí àwa náà fẹ́ gbà.

Ẹ mú bírò. 122 ni nọ́ńbà tí ẹ lè pe Road Safety sí láìsanwó. 112 ni ti pàjáwìrì ní gbogbo Nàìjíríà, 767 sì wà pẹ̀lú rẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹ kọ wọ́n sórí bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí pígíọ̀n hóòlù, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹnì kan nílé yín, kí ẹni tó bá wá ràn yín lọ́wọ́ lè rí i kà tí fóònù yín bá ti kú.